Orí Kẹrin: Kòkòrò Tí Kò Mọ̀ Ju Ẹ̀gẹ́ Lọ

Ní Lánlátẹ̀, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, bí òjò bá ti dá, tí ọyẹ́ sì ń já ewé igi sílẹ̀, ẹ̀gẹ́ ni ohun ọ̀gbìn tó kù lóko. Wọ́n ti kó ẹ̀gúsí, wọ́n ti ya àgbàdo, wọ́n ti wa iṣu. Ẹ̀gẹ́ ni yóò forí ti oòrùn láti oṣù Kọkànlá títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi dé. Bí ẹ bá wọ irú oko bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kejì, ẹ má tíì wo ìdí ẹ̀gẹ́, orí rẹ̀ ni kí ẹ wò. Níbi tí ewé tuntun ti yẹ kó máa tẹ́ rẹrẹ, ẹ lè rí i pé àwọn ewé náà ti ká jọ, oríkèé igi ti sún mọ́ra jù, ọ̀pá rẹ̀ sì ti lọ́. Ẹ tú ewé tó ká jọ náà. Nǹkan funfun kan wà lábẹ́ rẹ̀, bíi pé wọ́n ku láfún sí i. Ẹ fi ìka tẹ ọ̀kan nínú rẹ̀ fọ́. Bí omi ara rẹ̀ bá pupa rẹ́súrẹ́sú, òun gan-an ni orí yìí dá lé.

Àwọn onímọ̀ kòkòrò ń pè é ní Phenacoccus manihoti. Mealybug ni àwọn òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ máa ń sọ. Kòkòrò oníyẹ̀fun ni èmi yóò máa pè é, nítorí ohun funfun ara rẹ̀ ni ojú kọ́kọ́ ń rí kó tó rí òun fúnra rẹ̀. Ìda sì ni ohun funfun náà. Ó fi ń bo ara kí oòrùn má baà gbẹ ẹ́, òun náà ni kì í jẹ́ kí oògùn tí wọ́n bá fín sí i tètè kàn án lára.

Ẹ má fi wé tata. Tata a máa gé ewé jẹ, ojú ibi tó ti gé á sì jẹ́rìí sí i. Èyí kò léyín. Fọ́nrán kan tó tín-ín-rín ju irun orí lọ ló ń tì bọ inú igi, á máa wá ọ̀nà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan iṣan tí ẹ̀gẹ́ fi ń gbé ṣúgà láti inú ewé lọ sí gbòǹgbò. Bó bá ti kàn án, kò nílò agbára mọ́, nítorí oje inú iṣan náà ń ti ara rẹ̀. Ṣe ni yóò máa dà wọlé sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n oje yìí kún fún ṣúgà jù, èròjà tí ń mú ara dàgbà inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Kí kòkòrò náà tó rí ìwọ̀nba tí yóò fi dàgbà, ó di dandan kó mu oje rẹpẹtẹ, kó sì máa tọ ṣúgà tó pọ̀ jù dànù. Ìtọ̀ adídùn yìí ló ń kán sórí àwọn ewé ìsàlẹ̀. Lórí rẹ̀ ni nǹkan dúdú tó jọ èédú ti ń hù, tí yóò bo ojú ewé, tí oòrùn kò fi ní ráyè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Torí rẹ̀ náà ni èèrà ṣe ń gun ẹ̀gẹ́. Mo ti rí àgbẹ̀ tó ń da eérú sí èèrà lórí, tó gbà pé òun ló ń pa ẹ̀gẹ́ òun. Èèrà ò pa ẹ̀gẹ́. Ẹ̀ṣọ́ ni, ẹni tó ń fún un lóúnjẹ ló ń ṣọ́.

Mímu oje burú, ṣùgbọ́n itọ́ tí kòkòrò náà ń tu sínú igi bó ti ń mu tún burú jù ú lọ. Itọ́ yìí ló ń ká ewé orí jọ, tó sì ń sọ ọ̀pá di wíwọ́. Ewé á máa já, títí yóò fi ku igi lásán lórí ìdúró. Ẹni tó bá rò pé níwọ̀n ìgbà tí gbòǹgbò wà nínú ilẹ̀ kò séwu, kó rántí ibi tí gbòǹgbò ti ń rí ohun tó fi ń sanra. Ṣúgà tí wọ́n fà mu lókè, ìsàlẹ̀ ló ń lọ kí wọ́n tó dá a lọ́nà. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá sì dé, ẹ̀gẹ́ tí kò léwé mọ́ á padà sí gbòǹgbò rẹ̀, á máa yọ nínú ohun tó ti kó pamọ́ láti fi bí ewé tuntun. Àwọn ìyá tó ń yan gààrí mọ irú ẹ̀gẹ́ bẹ́ẹ̀: ó pọ̀ lójú, ó lómi nínú, bí wọ́n bá rin ín tán tí wọ́n fún un, ohun tó kù kì í kún àwo. Níbi tí ìyà náà ti pọ̀ jù, àwọn onímọ̀ wọn àdánù tó tó ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti igi tí a ó gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Ọ̀pá tó ti wọ́, tí oríkèé rẹ̀ ti há mọ́ra, tó ti gbẹ láti òkè wá, kì í tètè hù. Ní Kóńgò, níbi tí wọ́n ti ń fi ewé ẹ̀gẹ́ se ọbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní pondu, ọbẹ̀ náà tún lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Kóńgò yìí náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà, ní 1973, ní agbègbè Kinshasa àti Brazzaville. Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn Potogí ti gbé e wá ní nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn. Ó dá ìrìn àjò náà rìn, kòkòrò rẹ̀ kò bá a wá. Ẹnìkan ló gbà pé òun ń mú igi ẹ̀gẹ́ tó dára wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, tí kòkòrò náà sì wà lára igi. Ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn tí wọ́n kọ́kọ́ rí i, ó ti dé Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀.

Bó ṣe yá tó báyìí kò ṣòro láti lóye. Abo ni gbogbo wọn. Kò sí akọ, kò sí pé wọ́n ń wá ọkọ. Ọ̀kan ṣoṣo lè yé nǹkan bí irinwó ẹyin sínú àpò funfun kan, láàrin oṣù kan péré àwọn ọmọ náà á ti dàgbà, àwọn náà á sì máa yé tiwọn. Ọmọ tuntun kéré débi pé afẹ́fẹ́ ọyẹ́ lè gbé e láti oko kan sí òmíràn. Òjò ńlá ni ọ̀tá rẹ̀, nítorí ó máa ń gbá a kúrò lórí ewé. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń ṣoro. Ilẹ̀ Ìbàràpá sì jẹ́ ọ̀dàn tó bá igbó pààlà, tí ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀ kì í kéré. Ibi tó wù ú nìyẹn.

Kí ni ó ń jẹ yàtọ̀ sí ẹ̀gẹ́? Lójú tèmi, ìbéèrè yìí ló yẹ kí àgbẹ̀ kọ́kọ́ bi nípa kòkòrò èyíkéyìí, kó tó béèrè oògùn tí wọ́n ń fín sí i. Kòkòrò tó ń jẹ igi ogójì, bí ẹ bá lé e kúrò lórí ọ̀kan, á rí mọ́kàndínlógójì sá sí. Èyí tó ń jẹ ẹyọ kan, ẹ mọ ibi tí ẹ ó ti bá a. Kòkòrò oníyẹ̀fun tí à ń sọ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti ẹyọ kan. Ó ń mu oje ìbátan ẹ̀gẹ́ kan tí í di igi ńlá, Manihot glaziovii, tí àwọn òyìnbó kó wá sí Áfíríkà nítorí rọ́bà. Ní Kóńgò, àwọn onímọ̀ ti bá a lórí òdòdó pupa tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ nígbà Kérésìmesì, àti lórí gbúre. Bẹ́ẹ̀ ni, gbúre tó ń hù lẹ́yìn ilé. Ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ gbèrú lórí àwọn wọ̀nyí tó bó ṣe ń gbèrú lórí ẹ̀gẹ́. Kò sí àgbàdo nínú oúnjẹ rẹ̀, kò sí iṣu, kò sí ẹ̀gúsí. Àgbẹ̀ tó bá rí funfun lára igi mìíràn tó ní ti ẹ̀gẹ́ ló ràn án, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀.

Ìwà olóúnjẹ-kan yìí náà ni wọ́n fi mú un. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Bí ẹ̀gẹ́ bá ti Amẹ́ríkà wá, Amẹ́ríkà náà ni kòkòrò tí kò mọ̀ ju ẹ̀gẹ́ lọ ti gbọ́dọ̀ wá. Bó bá sì ti pẹ́ níbẹ̀ tí kò tíì run ẹ̀gẹ́ wọn, a jẹ́ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ òun náà. Orí èrò yìí ni Hans Herren, ọmọ Switzerland tó dé iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn ní 1979, gbé iṣẹ́ rẹ̀ kà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá kòkòrò náà láti Mexico sọ̀kalẹ̀, níbikíbi tí ẹ̀gẹ́ àti àwọn ìbátan rẹ̀ inú igbó bá wà. Wọ́n rí kòkòrò oníyẹ̀fun kan ní àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, inú wọn dùn, wọ́n kó àwọn agbọ́n tó ń pa á. Àwọn agbọ́n náà kọ̀ láti fọwọ́ kan ti Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n tún un wò fínnífínní, wọ́n rí i pé ẹ̀yà mìíràn ni, tó ní akọ tó sì ní abo. Orúkọ Herren ni wọ́n fi sọ ọ́: Phenacoccus herreni. Mo máa ń rò ó pé ẹ̀bùn tó korò ni kí wọ́n fi orúkọ ẹni sọ kòkòrò tí kì í ṣe èyí tí ẹni ń wá.

Ní 1981, Tony Bellotti, onímọ̀ kòkòrò ní iléeṣẹ́ ìwádìí CIAT ní Colombia, bá èyí tí wọ́n ń wá gan-an pàdé ní Paraguay. Kò pọ̀ níbẹ̀ rárá, èyí tó jẹ́ àmì pé ọ̀tá rẹ̀ wà nítòsí. Lára àwọn ọ̀tá tí wọ́n kó ni agbọ́n kékeré kan, Anagyrus lopezi. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sí Ìlú Ọba, wọ́n sé e mọ́lé láti rí i dájú pé kò gbé àrùn tàbí kòkòrò mìíràn dání, kí wọ́n tó gbé e wá sí Ìbàdàn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1981, wọ́n tú u sílẹ̀ sínú oko ẹ̀gẹ́ ní IITA. Lẹ́yìn náà wọ́n tú òmíràn sílẹ̀ nítòsí Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ìbàràpá mọ̀ pé Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ni aládùúgbò rẹ̀ méjèèjì, ọ̀nà méjì tí ará Èrúwà àti Lánlátẹ̀ fi ń lọ ta ọjà. Láàrin ọdún díẹ̀, agbọ́n náà ti gba oko gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà kan, kò dúró de àṣẹ ìjọba. Àwọn ìlú mìíràn ní Áfíríkà rí tiwọn gbà, wọ́n tilẹ̀ fi bàlúù tú u sílẹ̀ níbòmíràn. Ní 1995 Herren gba ẹ̀bùn World Food Prize nítorí iṣẹ́ yìí.

Agbọ́n náà kò gùn tó mílímítà méjì. Kì í ta ènìyàn, kì í kọ́ ilé sí àjà. Abo rẹ̀ á fi ìwo orí rẹ̀ yẹ kòkòrò oníyẹ̀fun kan wò, á wọ̀n bó ti tóbi tó, á wá gún un, á sì yé ẹyin sínú rẹ̀. Ọmọ tó bá pa nínú ẹyin á jẹ kòkòrò náà láti inú wá, títí tí ara rẹ̀ yóò fi le gbagidi, tí yóò di àwọ̀ ilẹ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, agbọ́n tuntun á lu ihò róbótó sí i, á jáde. Nígbà mìíràn kò tilẹ̀ yé ẹyin kankan: á kàn gún un, á mu nínú omi ara rẹ̀, á fi í sílẹ̀ kó kú.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìtàn yìí ni ọ̀nà tí abo agbọ́n fi ń pín ọmọ. Òun ló ń yàn bóyá ẹyin tó fẹ́ yé yóò di akọ tàbí abo. Inú kòkòrò kékeré ló ń yé akọ sí, nítorí akọ kò nílò oúnjẹ púpọ̀. Kòkòrò tó tóbi ló ń fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀. Ẹ wá gbé èyí lé orí oko. Ní ilẹ̀ yanrìn tí wọ́n ti dá títí tó ti gbó, ẹ̀gẹ́ máa ń rù. Lórí ẹ̀gẹ́ tó rù, kòkòrò oníyẹ̀fun kì í tóbi. Agbọ́n tó bá débẹ̀ á wọ̀n wọ́n wò, á rí i pé wọn kò tó, á bí akọ jọ. Akọ kì í gún kòkòrò. Ìran tó ń bọ̀ kò wá ní abo tó pọ̀ tó láti ṣiṣẹ́, kòkòrò oníyẹ̀fun á sì máa bí sí i. Peter Neuenschwander àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IITA tọ́ka sí i pé irú ilẹ̀ yìí ni kòkòrò náà ti ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tó ti lọ sílẹ̀ níbi gbogbo, àti pé bí wọ́n bá fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ajílẹ̀ sí i, agbọ́n á tún gbapò rẹ̀. Ẹni tó da ìgbẹ́ adìyẹ sí ìdí ẹ̀gẹ́ ní Lánlátẹ̀ lè rò pé ẹ̀gẹ́ lòun ń bọ́. Ọmọbìnrin agbọ́n náà ń jẹ nínú rẹ̀.

Ní 2008, kòkòrò yìí bẹ́ sí Thailand, orílẹ̀-èdè tí kò tíì mọ̀ ọ́n rí. Ẹ̀ka IITA ní Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n ti kó agbọ́n lọ bá wọn ní 2009. Agbọ́n Paraguay tó di ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló lọ gba àwọn ará Éṣíà sílẹ̀.

Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé ẹni tó bá rí funfun lára igi mìíràn, ẹlòmíràn ló rí. Ẹlòmíràn náà ti dé báyìí. Paracoccus marginatus ni orúkọ rẹ̀, láti Mexico àti àwọn agbègbè rẹ̀ ló ti wá, ìbẹ́pẹ sì ni ààyò rẹ̀. Ní nǹkan bí 2010, ó ti wà ní Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, kò sì pẹ́ kó tó wọ Nàìjíríà. Èyí kì í ṣe olóúnjẹ-kan. Yàtọ̀ sí ìbẹ́pẹ, ó ń mu oje ẹ̀gẹ́, lápálàpá, góbà, tòmátì, ìgbá, ilá, máńgòrò, àti òdòdó ọ̀ṣọ́ oríṣiríṣi. Ẹ wá wo àgbàlá kan ní Ìbàràpá: ìbẹ́pẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀, lápálàpá tí wọ́n fi ṣe ọgbà, ilá àti tòmátì níbi tí omi ìfọṣọ ń ṣàn sí, ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn wọn. Lójú rẹ̀, oúnjẹ ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá gé ìbẹ́pẹ lulẹ̀, lápálàpá ń dúró dè é. Àwọ̀ ara rẹ̀ ni ẹ ó fi mọ̀ ọ́n yàtọ̀: bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ fọ́, omi rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ti òdòdó ẹ̀gúsí, kò pupa. Bí ẹ bá jù ú sínú sípírítì, láàrin ọjọ́ kan sí méjì á di dúdú bí aró. Agbọ́n ti Paraguay kò ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni, Acerophagus papayae, tí wọ́n ti kó wá sí Gánà.

Ẹ̀kẹta wọn kò ní ìyẹ̀fun púpọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ti pẹ́ jù ti àwọn tó kù lọ. Eṣinṣin funfun tín-ín-tìn-ìn-tín tí í fò yẹ́ẹ́ bí ẹ bá mi ewé ẹ̀gẹ́ ni. Ní 1936, F. D. Golding fi hàn ní gúúsù Nàìjíríà pé òun ló ń gbé àrùn tí ń sọ ewé ẹ̀gẹ́ di abilà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò kiri. Nígbà yẹn, orúkọ Nàìjíríà ni wọ́n fi ń pè é, Bemisia nigeriensis. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé Bemisia tabaci ni, tí ayé ti mọ̀ láti 1889. Ìwọ̀nba oje tó ń mu kì í pa ẹ̀gẹ́. Àrùn tó ń gbé bọ̀ láti ẹ̀gẹ́ aládùúgbò ni ewu rẹ̀. Bó bá mu nínú ẹ̀gẹ́ tó lárùn fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló nílò lórí èyí tí ara rẹ̀ le láti gbé e sí i. Nínú ìwé, wọ́n kà á pé ó ń jẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú ewéko. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan ní Côte d'Ivoire, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1992, fi hàn pé ìran méjì ló wà níbẹ̀: èyí tó wà lórí ẹ̀gẹ́ kò jẹ ju ẹ̀gẹ́ àti ìgbá lọ, èyí tó wà lórí ilá ń jẹ oríṣiríṣi ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ẹ̀gẹ́. Nítorí náà, àgbẹ̀ tó ń fa ilá tu nítorí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kàn ń pàdánù ọbẹ̀ ni.

Agbọ́n kọ́ ni wọ́n fi kojú eṣinṣin yìí. Igi Manihot glaziovii tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n lọ bá. Ní Amani, ní Tanzania, ní àwọn ọdún 1930, H. H. Storey àti R. F. W. Nichols bẹ̀rẹ̀ sí í so ẹ̀gẹ́ pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú àwọn àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ dé Nàìjíríà, òun sì ni Sang Ki Hahn, ọmọ Kòríà, fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní IITA ní àwọn ọdún 1970, tí àwọn irú bíi TMS 30572 fi jáde, tí àgbẹ̀ ń pè ní ágíríìkì títí di òní. Ìlú Ìkirè fi í jẹ oyè Sẹ́ríkí Àgbẹ̀ ní 1983. Igi kan náà tó ń gba kòkòrò oníyẹ̀fun lálejò ló bí ẹ̀gẹ́ tí àrùn eṣinṣin kò lè gbé ṣubú.

Bí ẹ bá wá padà sí oko Lánlátẹ̀ yẹn ní oṣù Kejì, tí ẹ tú ewé orí ẹ̀gẹ́ tí ẹ bá funfun níbẹ̀, ẹ má tíì sáré lọ ra oògùn. Ìda ara kòkòrò náà á dáàbò bò ó. Agbọ́n tí kò ní ìda ni oògùn á kọ́kọ́ pa. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fọ́ kí ẹ wo àwọ̀ omi rẹ̀. Ẹ wá àwọn tó ti le, tó ti di àwọ̀ ilẹ̀, tó ní ihò róbótó lára. Ẹ má ṣẹ́ igi gbígbìn lára ẹ̀gẹ́ tí orí rẹ̀ ti ká. Igi tí ọ̀kadà sì gbé wá láti ìlú mìíràn, ẹ yẹ oríkèé rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fi kan ilẹ̀. Ewé orí tó bá ti bàjẹ́ jù, ẹ lè gé e kí ẹ rì í mọ́lẹ̀, àfi bí ẹ bá rí àwọn tó ti le yẹn nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá wà níbẹ̀, agbọ́n lẹ fẹ́ lọ sin yẹn.